Igi Obì Ọmọ Mi àti Àlọ́ Mẹ́ta Ọ̀gìnìntìn

Ẹ sún mọ́ ibí, ṣùgbọ́n ẹ má sún mọ́ mi jù, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ikọ́ dá ìtàn mi dúró lágbede méjì. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀pà, kó jẹ ẹ́ tán báyìí. Ẹni tó bá mọ̀ pé oorun ń kun òun, kó dìde kó máa lọ sílé. Mi ò ní bá a jà, òun ló pàdánù. Èmi ni Ọdẹ́jìnmí ọmọ Ọdẹ́yalé, ará Òkè-Apá. Mo ti pa ẹfọ̀n méjì ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo. Ẹkùn ti pàdé mi lójú ọ̀nà tóóró rí, ó wò mí, mo wò ó, òun ló yà fún mi. Bí irọ́ ni mo pa, kí ẹni tó bá mi lọ sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó bá mi lọ, nítorí náà ẹ dákẹ́ kí ẹ gbọ́. Kì í ṣe ìtàn ẹran ni màá sọ lónìí. Ìtàn òtútù ni, àti ti àwọn igi tó mọ bí a ṣe ń bá òtútù gbé, àti ti ọmọ mi Ọdẹ́bùnmi tí gbogbo yín mọ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi di ìtàn yìí mọ́nú. Ìyá Adépéjì tí a sin lọ́sẹ̀ tó kọjá ló tú ẹnu mi sílẹ̀, ẹ óò sì gbọ́ ìdí rẹ̀ tí mo bá débẹ̀. Ẹ má kán mi lójú.

Ẹ mọ̀ pé orí òkè la wà níbí. Ọyẹ́ tó ń la àwọn ará ìsàlẹ̀ ní ètè, àwa ló ń bù jẹ. Ẹ sì mọ̀ pé bí obìnrin wa bá bímọ, a máa ń sin ibi ọmọ náà sí ẹ̀yìnkùlé, a ó sì gbin obì lé e lórí. Igi ọmọ nìyẹn. Bí igi bá ń yọ ewé, ara ọmọ á yá gágá. Bí kòkòrò bá jẹ igi, àyà ìyá á já. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò bá ohun kejì tí à ń ṣe láyé ìgbà náà. Ní òwúrọ̀ tí ọyẹ́ bá kọ́kọ́ dé, kí oòrùn tó yọ, àwọn ìyá á gbé ẹyin iná jáde, wọ́n á dáná sí ìdí igi ọmọ wọn, wọ́n á sì fi aṣọ wé ara igi náà bí ìgbà tí wọ́n ń fi ọ̀já gbọ́mọ pọ̀n. Wọ́n á máa kọrin fún un, wọ́n á máa bomi rin ín. Iná yẹn kò gbọdọ̀ kú títí ọyẹ́ yóò fi lọ. Ìyá tí iná rẹ̀ bá kú, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún yóò fi yí po. Ìfẹ́ ni o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rántí pé ìfẹ́ ni.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, Ọdẹ́bùnmi pé ọmọ ọdún méje. Ọdún mọ́kànlá ni èmi àti ìyá rẹ̀, Àbẹ̀jẹ́, fi wá a ká tó rí i, a ò sì rí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo, tí kì í lè jókòó àfi kó fara ti ènìyàn! Ọyẹ́ ọdún náà dé bí ẹni tó ní ẹ̀sùn lọ́kàn. Àwọn ìyá dáná, wọ́n wé igi. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, òtútù kan wọ ìlú ní ìdájí, irú èyí tí a kò rí rí. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, igi obì mẹ́rin ti dúdú, ewé wọn rọ̀ bí ewé tí a bọ̀ nínú omi gbígbóná. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, àwọn ọmọ mẹ́rin tó ni igi wọ̀nyẹn tẹ̀lé igi wọn. Ara wọn kàn ń tutù ni, láti àtẹ́lẹsẹ̀ lọ sókè, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò ké. Adépéjì ló kẹ́yìn nínú wọn. Igi Ọdẹ́bùnmi dúdú lápá kan, apá kejì ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ọmọ mi dùbúlẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án lẹ́sẹ̀, ó tutù dé orúnkún.

Mo sáré tọ Bàbá Ògúnrìndé lọ, òun ni Olúọ́dẹ wa nígbà náà. Bàbá yìí kì í sọ̀rọ̀ méjì. Ó ní, "Ọdẹ́jìnmí, igbó kan wà lẹ́yìn òkè kẹta, Igbó Ọ̀gìnìntìn ni wọ́n ń pè é. Ìrì ibẹ̀ ń dì, yìnyín ń jókòó sórí ẹ̀ka igi bí ẹyẹ, síbẹ̀ àwọn igi kan ń bẹ níbẹ̀ tí kì í kú. Lọ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n má dáná níbẹ̀ o. Bàbá mi lọ síbẹ̀ rí, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ dáná. Bàbá mi nìkan ló bọ̀." Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹni tí òtútù ń pa ni wọ́n ń ní kó má yáná?" Ó ní, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Máa lọ." Nígbà tí mo délé láti mú ìbọn, Àbẹ̀jẹ́ wà ní ẹ̀yìnkùlé lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fẹ́ iná, eérú ti bo gbogbo irun orí rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ọdẹ́bùnmi, ẹ lọ, kẹ́ ẹ tètè bọ̀. Tèmi ni pé iná yìí ò ní kú." Mo kí i kú iṣẹ́. Mo kí i kú iṣẹ́, ẹ gbọ́ o!

Ohun tí mo jẹ lọ́nà àti ibi tí mo sùn, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n kó lọ bi àpò mi. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, tó bá pẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta ni mo wọ Igbó Ọ̀gìnìntìn. Mo ní ọ̀sán, ṣùgbọ́n ọ̀sán wo? Oòrùn wà lókè, kò ta. Ó kàn funfun sójú ọ̀run bí ojú afọ́jú. Kò sí ẹyẹ, kò sí kòkòrò, afẹ́fẹ́ gan-an kò fẹ́. Ìrì tó wà lórí koríko ti gan, ó sì ń dún kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́ lábẹ́ bàtà mi. Bí mo bá mí, èéfín á jáde lẹ́nu mi, á dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wo ojú mi dáadáa. Ẹ̀rù bà mí. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ̀rù kì í ba ọdẹ, ọdẹ eku ni.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ pàdé ga, ó sanra, ara rẹ̀ ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Ojú ènìyàn ló ní, ṣùgbọ́n ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló wà níbi tó yẹ kí irun wà, gbogbo ewé ọ̀hún sì ti dúdú, ó rọ̀ sílẹ̀ lé e léjìká. Omi ń jò lára rẹ̀ tó, tó, tó. Mo ní, "Ẹ kú ìdúró o." Ó ní, "Mi ò dúró. Mo ti kú, àyè àtiṣubú ni mi ò rí." Ẹsẹ̀ mi fẹ́ sá, mo kì í mọ́lẹ̀. Mo ní, "Ta ló pa yín?" Ó ní, "Omi." Mo ní, "Omi tí gbogbo ayé ń mu?" Ó ní, "Òun náà ni mo mu. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mí, ìdílé wa fẹ́ràn omi. Mo mu ún títí gbogbo ihò ara mi fi kún dẹ́múdẹ́mú. Nígbà tí òtútù ń bọ̀, àwọn igi yòókù ń ti omi wọn jáde díẹ̀díẹ̀, wọ́n ní, Ọ̀gẹ̀dẹ̀, da tìrẹ náà síta. Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní ta ló ń da ọrọ̀ rẹ̀ nù? Omi tiwọn di yìnyín níta ara wọn, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Tèmi di yìnyín nínú mi. Yìnyín ní eyín, ọdẹ. Ó gé mi láti inú wá síta." Ó wá na ọwọ́ sí mi, ọwọ́ náà rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Ó ní, "Mo rí ìṣáná lápò rẹ. Dá iná díẹ̀ fún mi, kí n lè ráyè ṣubú." Àánú rẹ̀ ṣe mí dé egungun. Ọwọ́ mi ti wọ inú àpò kí n tó rántí ọ̀rọ̀ Bàbá Ògúnrìndé. Mo ní, "Ẹ má bínú, ìṣáná mi ti tutù." Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo gbọ́ tí omi ara rẹ̀ ń jò títí mo fi rìn jìnnà.

Ìgbà tí mo rìn síwájú ni mo dé ìdí igi ńlá kan tí kò ní ewé kan ṣoṣo lórí. Gbogbo ewé rẹ̀ wà nílẹ̀ yí i ká bí aṣọ tí ènìyàn bọ́ sílẹ̀ kó tó lọ wẹ̀. Ojú obìnrin arúgbó kan wà lára èèpo igi náà, ó di ojú rẹ̀ pa. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ta ló bọ́ yín sí ìhòòhò nínú òtútù yìí?" Kò la ojú. Ó ní, "Èmi ni mo bọ́ra mi. Ṣé ẹni tí ogun ń lé máa ń ru ẹrù ni? Ewé ni ọ̀nà tí òtútù ń gbà wọlé. Mo kọ́kọ́ fa ohun rere inú ewé mi pa dà sí ara mi, ẹ̀yìn náà ni mo wá jù wọ́n sílẹ̀." Mo ní, "Ìyá, ẹ má bínú, ó dà bíi pé ẹ ti kú." Inú bí i. Ó ní, "Fi èékánná họ mí kó o wò." Mo họ èèpo rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ sì tutù minijọ̀jọ̀, àwọ̀ ewé tuntun. Ó ní, "Wàyí o, lá a." Mo lá a. Ha! Mo ti jẹ oyin inú ihò àpáta, ẹ̀yin èèyàn mi, oyin yẹn kò dé ìdajì èyí. Mo ní, "Kí ló mú un dùn tó báyìí?" Ó ní, "Omi lásán ló ń tètè dì. Omi tó bá dùn, òtútù á tì í títí, kò ní tètè gbà. Oúnjẹ tí mo kó jọ nígbà oòrùn ni mo sọ di adùn nígbà tí òtútù kọ́kọ́ fọwọ́ kàn mí." Mo ní, "Ta ló kọ́ yín?" Ó ní, "Ọ̀gìnìntìn fúnra rẹ̀. Ọ̀tá náà máa ń kọ́ni. Ó wà níwájú. Mú èèpo mi díẹ̀ dání, kó o máa jẹ ẹ́ bí ara bá fẹ́ kú." Mo bù ú sápò.

Ìwọ tó ò ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, ṣé o ti bá igi sọ̀rọ̀ rí? O ò bá a sọ̀rọ̀ rí. O kàn ń ṣẹ́ igi dáná ni. Jókòó jẹ́ẹ́.

Ọ̀gìnìntìn jókòó lórí òkúta nínú ilẹ̀ gbalasa kan. Ẹ̀yin á rò pé abàmì ẹ̀dá oníwo mẹ́rin ni. Rárá o. Ẹni tín-ín-rín kan ni, mi ò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ojú rẹ̀ sì dùn ún wò. Ohun tó dẹ́rù bà mí ni pé èéfín ń jáde lẹ́nu mi, kò sì jáde lẹ́nu tirẹ̀. Ó rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí aláìsàn wà ní yàrá kejì. Ó ní, "Ọdẹ, o wá gba ọmọ. Àlọ́ mẹ́ta ni màá pa fún ọ. Bó o bá mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wàá mú ohun tó o wá gbà lọ, mi ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. Bó o bá kùnà nínú ọ̀kan, wàá ṣì mú un lọ, ṣùgbọ́n èmi náà á mú nǹkan." Mo ní kó pa á.

Ó ní, "Ọrọ̀ kan ń bẹ nínú ilé. Ó gba onílé là lójú oòrùn, ó sì pa á lójú òtútù. Kí ni?" Mo rẹ́rìn-ín nínú mi. Mo ní, "Omi ni." Ó mi orí. Ó ní, "Iná kan wà tí kò rú èéfín, tí kò pọ́n, tí igi ń dá sínú ara rẹ̀ tí igi kò sì jó. Kí ni?" Mo fi ahọ́n kan ètè mi. Mo ní, "Adùn ni, ó ṣì wà lẹ́nu mi." Ẹ ò rí i, orí mi wú. Mo ti ń rò ó pé bí mo bá délé, ọmọ ìlú á gbé mi jó. Ó wá ní, "Ta ló pa igi obì mẹ́rin ní Òkè-Apá?" Ìbínú ru sókè nínú mi. Mo ní, "Ìwọ ni! Ìwọ náà ni, ìkà!"

Kò bínú. Ó ní, "O kùnà. Mi ò tíì wọ ìlú kankan rí láìrán ìránṣẹ́ ṣáájú. Òtútù kékeré ni mò ń rán, òwúrọ̀ dé òwúrọ̀, kí igi lè mọ̀ pé mò ń bọ̀, kó lè ti omi rẹ̀ síta, kó lè kó adùn jọ, kó lè jáwọ́ nínú yíyọ ewé tuntun. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí ìránṣẹ́ mi bá dé Òkè-Apá, kí ló ń bá níbẹ̀? Iná. Aṣọ. Orin. Omi. Igi yín á rò pé oòrùn ló dé, á mu omi yó, á máa yọ ọ̀mùnú. Ọjọ́ tí èmi gan-an bá wá dé, wọn ò gbọ́ orúkọ mi rí. Àwọn ìyá ló pa wọ́n, ọdẹ. Àwọn tí iná wọn jó jù lọ ni igi wọn kọ́kọ́ kú."

Mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀ẹ́. Àbẹ̀jẹ́ ni mo ń rí lójú mi, pẹ̀lú eérú lórí, tó ń fẹ́ iná. Ọ̀gìnìntìn ní, "Pa dà sílé. Pa iná, tú aṣọ, má bomi rin igi náà mọ́. Jẹ́ kí ìránṣẹ́ mi fọwọ́ kàn án ní òwúrọ̀ mẹ́sàn-án. Èmi á dé ní ìkẹwàá. Igi náà á yè, ọmọ náà á yè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́ òtútù kì í dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀, kì í sì gbóná mọ́. O kùnà nínú àlọ́ kan. Ìgbóná ara ọmọ rẹ ni màá mú." Mo ní, "Kò ṣáà ní kú?" Ó ní, "Kò ní kú." Mo ní, "Mú un." Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kánmọ́kánmọ́, bí ẹni tó ń ra iyọ̀. Mi ò ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi ìyá ọmọ léèrè. Ẹ̀yin bàbá ọlọ́mọ tó wà níbí, ẹ dá mi lẹ́jọ́ bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ yín, kó tutù dé orúnkún, kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mò ń bọ̀, òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ mí lára gan-an. Mo dé ibì kan tí àwọn ọdẹ dúró sí, ó tó mẹ́wàá, ìbọn wà léjìká wọn, ìrì dídì wà ní irùngbọ̀n wọn. Eérú wà lẹ́sẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Mo fẹ́ sáré kọjá, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo wò ó, bàtà mi ti lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, yìnyín ti gun ọrùn ẹsẹ̀ mi. Ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ náà ní, láìmi ètè, "Ṣáná, ọ̀rẹ́. Àwa náà ṣáná. Ó dùn fún ìgbà díẹ̀." Ọmọ aráyé, mo yọ ìṣáná. Mo kó ewé gbígbẹ jọ. Bí mo ṣe fẹ́ ṣá a, mo gbọ́ ohùn ọmọdé lẹ́yìn mi: "Bàbá Ọdẹ́bùnmi, ẹ má dáná."

Mo yí ọrùn. Igi obì kéékèèké mẹ́rin ló wà níbẹ̀, wọ́n dúdú, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, aṣọ tí ìyá wọn fi wé wọn ṣì wà lára wọn, iná ti jó etí aṣọ náà díẹ̀. Mo mọ aṣọ ìyá Adépéjì, aláró olójú ẹja ni. Ohùn náà ti inú rẹ̀ jáde. Ó ní, "Ẹ má fagbára fa ẹsẹ̀ yín, á já. Ẹ máa mì í díẹ̀díẹ̀." Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo jẹ èèpo igi ìyá yẹn, adùn wọ inú mi lọ, mo sì ń mi ẹsẹ̀ mi díẹ̀díẹ̀ títí yìnyín fi jọ̀wọ́ mi. Ọmọ ìka méjì ló kù síbẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ òsì mi, kì í ṣe ejò ló bù ú jẹ bí mo ṣe máa ń sọ fún yín. Mo ní, "Adépéjì, kí ni kí n sọ nílé?" Ó ní, "Ẹ ní kí wọ́n má dáná sí ìdí obì mọ́." Mo ti ń lọ nígbà tó tún pè mí. Ó ní, "Bàbá Ọdẹ́bùnmi, ẹ má sọ fún ìyá mi pé òun ni."

Ìdí tí mo fi di ìtàn yìí mọ́nú nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí mo ṣe délé, mo sọ fún Bàbá Ògúnrìndé pé iná ìdí obì ti di èèwọ̀, ìlú sì gbà. Ẹ̀yin rò pé òrìṣà kan ló kọ iná. Kò sí òrìṣà kankan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ mẹ́rin ni. Ìyá mẹ́rin yẹn ti kú tán báyìí, wọn ò sì mọ̀. Ìyá Adépéjì máa ń gbé iṣu tuntun wá fún mi lọ́dọọdún, ó ní mo gba ọmọ ọlọ́mọ là bí mi ò tilẹ̀ lè gba tòun. Mo máa ń jẹ iṣu náà níwájú rẹ̀. Kò dùn lẹ́nu mi rí.

Ẹ jẹ́ kí n pa dà sílé tèmi. Àbẹ̀jẹ́ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí mo dé, iná ń jó, igi náà sì ti yọ ọ̀mùnú mẹ́ta lápá tó kù. Ó dìde, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní, "Ẹ wò ó! Ó ń yọ ewé!" Òtútù ara ọmọ ti dé ìbàdí. Mo gbé ìkòkò omi, mo dà á sórí iná. Ẹ̀yin ò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí. Ó fò mọ́ mi, ó bù mí jẹ lápá, ó ń pariwo pé, "Ẹ gbà mí o, ọkọ mi fẹ́ pa ọmọ mi!" Mo tú aṣọ ara igi, mo sì dúró sáàárín òun àti igi náà. Òwúrọ̀ mẹ́sàn-án ni mo fi dúró. Ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, òtútù kékeré á dé, igi náà á gbọ̀n rìrì, Àbẹ̀jẹ́ á di ojú rẹ̀ á máa sunkún. Èmi náà ń sunkún, mo kàn ń fi ẹ̀yìn sí i ni. Ní ìdájí ìkẹwàá, Ọ̀gìnìntìn dé. A ò rí i. Ajá kan ò gbó, omi inú ìkòkò dì, èéfín ẹnu wa sì dúró sójú kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ewé igi náà ti wà nílẹ̀.

Àbẹ̀jẹ́ kò ké mọ́. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja sórí ewé náà, ó ní kí n pa òun náà. Mo fi èékánná họ èèpo igi. Ó tutù minijọ̀jọ̀. Mo lá a, ó dùn. Mo ní, "Àbẹ̀jẹ́, dìde." Kó tó dìde, a gbọ́ ohùn nínú ilé: "Ìyá mi, ebi ń pa mí." Ẹ wo eré! Obìnrin tí kò jẹun fún ọjọ́ mélòó kan sáré ju àgbọ̀nrín lọ. Ọmọ ti jókòó lórí ẹní, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Ìyá rẹ̀ gbá a mọ́ àyà, ọmọ sì ké, ó fi ọwọ́ méjèèjì tì í dà nù. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ ń jó mi."

Àbẹ̀jẹ́ yíjú sí mi. Ó ní, "Kí lẹ fún wọn nínú igbó yẹn?" Mo sọ fún un. Títí ọyẹ́ ọdún kejì fi dé, kò bá mi sọ̀rọ̀ kan ju "oúnjẹ rèé" lọ.

Ẹ mọ Ọdẹ́bùnmi. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò ga ju ọmọ ọdún méjìlá lọ. Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀, kì í bínú, kì í sì í fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ẹ ti ń béèrè láàárín ara yín ìdí tí ìyàwó mi arúgbó fi máa ń jókòó síta ní ìdájí ọyẹ́, láìfi aṣọ bora, nígbà tí gbogbo yín ń yáná. Ẹ ní orí rẹ̀ ti dàrú. Orí rẹ̀ pé ju tiyín lọ. Ó máa ń jókòó síbẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi tutù bí ìkòkò omi, tí eyín rẹ̀ á máa gbá ara wọn. Ìgbà náà ni ọmọ á jáde wá, á rọra gbé orí lé e léjìká, wọ́n á sì wà bẹ́ẹ̀ títí oòrùn yóò fi yọ. Mo ti bẹ̀ ẹ́ kó jáwọ́, mo ní òtútù yìí á pa á. Ó ní, "Bàbá Ọdẹ́bùnmi, ẹ̀yin lẹ rán ọmọ lọ síbẹ̀. Ṣé kí n má lọ wò ó ni?"

Èmi náà gbìyànjú ẹ̀ lọ́yẹ́ tó kọjá. Mo bọ́ dàńṣíkí mi, mo jókòó sórí àpáta láti ìgbà tí àkùkọ kọ́kọ́ kọ. Mo gbọ̀n títí mi ò fi mọ ọwọ́ mi mọ́. Ó jáde wá, ọmọ mi, ó dúró níwájú mi, ó na ìka kan ṣoṣo, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ ṣì gbóná." Ó kí mi kú ìjókòó, ó sì pa dà wọlé.